Ta Ní Kí Wọ́n Da Lẹ́tà Mi Nù?

(Ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, lẹ́yìn tí ọjà ti tú. Káyọ̀dé ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú Leeds dé lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kí ó máa tọ́jú ẹ̀rọ tó ń gba lẹ́tà wọlé fún ilé-iṣẹ́ kan. Ìyá Bọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aládìrẹ ni. Kò fi ilé sílẹ̀ rí.)

ÌYÁ BỌ́LÁ: Jókòó, Àkànní. Mo mọ̀ pé ó rẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí n sùn. Ìwọ tí o lọ ń tọ́jú lẹ́tà àwọn òyìnbó, sọ fún mi: ta ní kí wọ́n da lẹ́tà tèmi nù?

KÁYỌ̀DÉ: Lẹ́tà wo, ẹ̀gbọ́n mi?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Oníbàárà mi kan ní London. Ogójì ìdì àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló fẹ́ fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ ímeèlì sí mi, n kò rí ọ̀kan ṣoṣo. Ìgbà tó fi máa pè mí lórí fóònù, ó ti ra aṣọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó ní mo fojú di òun. Èmi tí mo ń rẹ aṣọ láró láti kékeré, èmi ni yóò rí ogójì ìdì tí n óò dákẹ́?

KÁYỌ̀DÉ: Ta ló bá yín to ímeèlì náà?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ọmọkùnrin kan ládùúgbò tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Àwọn gbájú-ẹ̀ ń dà mí láàmú nígbà náà. Òní, mo jẹ lọ́tìrì. Ọ̀la, ọ̀gágun kan kú, ó fi owó sílẹ̀ fún mi. Ọmọ náà ní òun yóò fi asẹ́ kan síbẹ̀ tí yóò máa sẹ́ wọn. Mo sanwó, mo tún ṣàdúrà fún un.

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ fún mi ní fóònù yín. Háà! Ẹ wo ohun tó kọ síbí. Lẹ́tà tó bá ti ní "payment" nínú, pa á rẹ́. Tó bá ní "transfer", pa á rẹ́. "Urgent", pa á rẹ́. "London", ẹ̀gbọ́n mi, London náà ni kí wọ́n pa rẹ́! Asẹ́ kọ́ nìyí, kòtò ni. Ẹni tó ń ta aṣọ, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀ owó.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ṣé a ṣì lè rí wọn?

KÁYỌ̀DÉ: Rárá. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ká ní ó kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan ni, à bá rí wọn. Tí ẹ bá ń sẹ́ ògì, ṣé ẹ máa ń da èérí nù lẹ́ẹ̀kan náà?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ta ni yóò da èérí nù? A óò tún bomi sí i, a óò tún un sẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù la óò kó fún ewúrẹ́.

KÁYỌ̀DÉ: Ọmọ yẹn kò bomi sí tiyín. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu àlejò, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlú kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Scunthorpe. Lọ́dún 1996, àwọn ará ìlú náà fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ AOL kí wọ́n lè máa lo íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ kọ̀ fún wọn. Ẹ̀rọ ní èébú wà nínú orúkọ ìlú wọn.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Èébú wo?

KÁYỌ̀DÉ: Láti ara álífábẹ́ẹ̀tì kejì orúkọ náà títí dé ìkarùn-ún. N kò ní í pè é níwájú yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà tó bá kọ "specialist" sínú lẹ́tà: asẹ́ tí kò gbọ́n lè rí "cialis" láàárín rẹ̀, kó sì jù ú nù.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

KÁYỌ̀DÉ: Oògùn kan ni. Tọkùnrin.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Tọkùnrin báwo? Dúró ná! Àwọn yẹn ló ń kọ̀wé sí mi láràárọ̀! Mo rò pé Bàbá Bọ́lá ló fi ímeèlì mi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá a jà!

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Gbogbo ayé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ó búra lóòótọ́, n kò gbà á gbọ́. Máa bọ́rọ̀ lọ, n óò bá a sọ̀rọ̀ tó bá dé.

KÁYỌ̀DÉ: Lóṣù kẹjọ ọdún 2002, ará Amẹ́ríkà kan, Paul Graham, kọ àròkọ kan tó yí iṣẹ́ wa padà. Ó kó lẹ́tà rere tó tó bíi 4,000 jọ, ó kó lẹ́tà pàǹtí tí wọ́n ń pè ní spam bíi 4,000 jọ, ó ní kí kọ̀ǹpútà ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú méjèèjì, kó wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń wọ́pọ̀. Tí lẹ́tà tuntun bá dé, ẹ̀rọ á ṣa ọ̀rọ̀ 15 tó lágbára jù nínú rẹ̀, á da ìwọ̀n wọn pọ̀. Tó bá kọjá 0.9, pàǹtí ni. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kan kò lè dá nìkan sọ lẹ́tà di olè; ọ̀rọ̀ rere inú rẹ̀ lè jẹ́rìí gbè é. Ọkùnrin náà tún ṣe ohun kan tí mo ń yìn ín fún títí dòní: gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wà nínú lẹ́tà rere, ẹ̀ẹ̀mejì ló kà á, kí òṣùwọ̀n lè máa tẹ̀ sọ́dọ̀ aláìṣẹ̀.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ọmọlúàbí ni.

KÁYỌ̀DÉ: Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Nínú àpẹẹrẹ tó kọ síta, ọ̀rọ̀ tó wà lókè pátápátá ni "madam". 0.99 ló fún un. "Republic" náà, 0.99.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn?

KÁYỌ̀DÉ: Pé tí asẹ́ rẹ̀ bá rí "madam" nínú lẹ́tà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lójú pé pàǹtí ni.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Madam? Madam tí gbogbo Ìtòkú ń pè mí? Káyọ̀dé, ọmọ tí kò bá fi "madam" tàbí "ma" ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣé mo máa ń dá a lóhùn? Ṣebí ilé-ìwé ni wọ́n ti kọ́ wa pé "Dear Sir or Madam" ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà? Wọ́n kọ́ wa tán, wọ́n tún wá ń fi í mú wa lólè!

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó ń pe Paul Graham ní madam. Nínú lẹ́tà tirẹ̀, ọ̀dọ̀ pàǹtí nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ti ń wá. Òun fúnra rẹ̀ sì sọ ọ́ pé lẹ́tà oníkálukú ni kí wọ́n fi kọ́ asẹ́ oníkálukú. Tí a bá fi lẹ́tà yín kọ́ asẹ́ yín, "madam" á di ẹlẹ́rìí yín. Àwọn tí mò ń bá jà ni àwọn tó gbé asẹ́ tí wọ́n fi lẹ́tà ẹlòmíràn kọ́ wá sẹ́ lẹ́tà tiwa. Ní ibi iṣẹ́ mi ní Leeds, ọ̀gá kan ní kí n kọ òfin kan: lẹ́tà tó bá ti ní "Nigeria" nínú, kó má wọlé.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ó sọ ọ́ lójú rẹ?

KÁYỌ̀DÉ: Lójú mi. Mo ní kó fún mi lọ́sẹ̀ kan. Mi ò dá lẹ́tà kankan dúró o, mo kàn fi àmì sára gbogbo èyí tí òfin náà ì bá mú. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì fún un. Gbájú-ẹ̀ wà níbẹ̀, n kò ní í parọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́jáde kan láti Ifẹ̀ tó ń wá iṣẹ́ wà níbẹ̀, ìwé owó oníbàárà kan ní Èkó wà níbẹ̀, àti lẹ́tà tí èmi fúnra mi kọ nígbà tí mò ń tọrọ àyè láti wá sìnkú Bàbá. Ó ka ìyẹn, kò tún sọ̀rọ̀ òfin náà mọ́.

ÌYÁ BỌ́LÁ: O ò sọ fún wa rí.

KÁYỌ̀DÉ: Kí ni mo fẹ́ sọ?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ṣùgbọ́n jẹ́ ká sọ òótọ́, Àkànní. Àwọn ọmọ tiwa náà ló fà á. Ojú wa níbí ni wọ́n ṣe ń ra mọ́tò. Ọdọọdún la ń gbọ́ pé EFCC kó wọn, wọn kò tán.

KÁYỌ̀DÉ: Òótọ́ ni. Abala 419 inú ìwé òfin wa ni gbogbo ayé ti mú orúkọ ìwà náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Nígbà tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé gbájú-ẹ̀ máa ń ní Nàìjíríà lòun ti ń kọ̀wé, kí ló dé tó ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé kò lè ní Jámánì ni?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Àìgbọ́n ni.

KÁYỌ̀DÉ: Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2012, Cormac Herley, onímọ̀ kan ní Microsoft, kọ ìwé lórí ìbéèrè yìí gan-an. Ó ní ọgbọ́n ni. Lẹ́tà mílíọ̀nù kan kò ná oníjìbìtì ní nǹkan kan. Ohun tó ń ná an ni ẹni tó bá dá a lóhùn, nítorí á ní láti máa bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kó máa tàn án díẹ̀díẹ̀. Tí ọlọ́gbọ́n bá dá a lóhùn, tó wá fura lẹ́yìn oṣù kan, gbogbo làálàá náà ti ṣòfò. Nítorí náà ló ṣe fi "Nigeria" àti ọmọ ọba àti mílíọ̀nù dọ́là sí iwájú lẹ́tà, kí gbogbo ọlọ́gbọ́n lè rẹ́rìn-ín kí wọ́n sì kúrò, kó ku ẹni tí kò gbọ́ ìtàn náà rí.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Áà! Àwọn náà ń sẹ́ èèyàn!

KÁYỌ̀DÉ: Asẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù tó ń bà yín pé ẹ lè lé oníbàárà rere dànù, ẹ̀rù tiwọn ni pé àwọn lè mú ẹni tí kò ní í sanwó. Orúkọ ilẹ̀ wa ni ojú asẹ́ wọn. Wọ́n sì ti fi orúkọ náà ṣe ògbufọ̀ ìwà wọn títí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń gba lẹ́tà ní òkè òkun gbọ́ ọ, ó ti di etí. Ìjàǹbá méjì ni wọ́n ṣe wá. Ẹni tí wọ́n jà lólè, ó pàdánù owó. Èyí tí kò mọ̀ wọ́n rí, tó kàn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú wọn, ó pàdánù iṣẹ́ àti ọjà, kò tiẹ̀ ní í mọ̀ láéláé pé òun pàdánù rẹ̀. Ta ni yóò kọ̀wé sí i pé a kò ka lẹ́tà rẹ?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ó ń dùn mí dé ikùn.

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ má sì rò pé èèyàn dúdú nìkan ni asẹ́ ń ṣì mú. SpamAssassin, asẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò, máàkì ló máa ń fún lẹ́tà. Tó bá pé 5, ó di pàǹtí. Òfin kan wà nínú rẹ̀ nígbà kan pé lẹ́tà tí ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ bá wọ 2010 sókè, ọjọ́ iwájú tó jìnnà ni, irọ́ ni. Wọn kò tètè tún òfin náà ṣe fún àwọn tó ń lò ó. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2010 dé, gbogbo lẹ́tà tó bá gba inú asẹ́ náà kọjá bá ń gba máàkì ẹ̀ṣẹ̀ lófo, torí pé ilẹ̀ mọ́.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Èèwọ̀! Ká kí èèyàn kú ọdún tuntun, kí wọ́n ní irọ́ ni?

KÁYỌ̀DÉ: Bẹ́ẹ̀ ló rí, àfi ìgbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe. Ó yẹ kí èèyàn máa padà wo òfin tó bá gbé kalẹ̀.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Tí a kò bá ní í wo ọ̀rọ̀ ẹnu, kí la óò wá wò?

KÁYỌ̀DÉ: Láyé àtijọ́, tí ọba bá rán ìránṣẹ́, kí ló máa ń gbé dání?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ọ̀pá ọba. Bí wọ́n bá ti rí ọ̀pá, wọ́n mọ ẹni tó rán an.

KÁYỌ̀DÉ: Lẹ́tà òde òní náà ní ọ̀pá. SPF ni ká sọ síta gbangba àwọn ẹ̀rọ tí a fún láṣẹ láti jẹ́ iṣẹ́ wa. DKIM ni èdìdì ara lẹ́tà. DMARC ní kí wọ́n ṣe báyìí báyìí sí ẹni tó bá jẹ́ orúkọ wa láìní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Gmail àti Yahoo ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ lọ́pọ̀ yanturu. Ṣùgbọ́n gbájú-ẹ̀ náà lè gbẹ́ ọ̀pá tirẹ̀. Ọ̀pá ń sọ ẹni tó rán ìránṣẹ́; kò sọ pé ẹni náà dára.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ó yé mi. Wá bá mi tún tèmi ṣe.

KÁYỌ̀DÉ: Mo ti pa gbogbo "pa á rẹ́" rẹ̀ rẹ́. Láti òní lọ, ohun tí asẹ́ bá fura sí, ẹ̀gbẹ́ kan ni kó kó o sí, kí Bọ́lá máa tú u wò fún yín láràárọ̀. Èyí tó bá jẹ́ ti oníbàárà, kó tẹ̀ ẹ́ pé kì í ṣe spam. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ óò ṣe máa kọ́ ọ. Àdírẹ́sì àwọn oníbàárà yín, mo ń kọ wọ́n sílẹ̀ lódindi. Orúkọ nìkan kò tó, torí ẹnikẹ́ni lè jẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni. A kò sì ní í sọ pé gbogbo ẹni tó bá wá láti gmail.com kó wọlé, torí olè ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú wa. Ẹ tún wo èyí: kí èèyàn tó fi ọ̀rọ̀ kan sínú òfin, kó kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ náà nínú lẹ́tà tó ti ní. "Payment" rèé. Lẹ́tà 61 tó ti wọlé kí asẹ́ yẹn tó dé. Ẹ ka orúkọ wọn.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ìyá Ṣadé. Alhaja. Ilé-ìwé ọmọ. Ìyá Ṣadé. Dókítà. Káyọ̀dé, oníbàárà mi ni gbogbo wọn!

KÁYỌ̀DÉ: Ká ní ọmọ yẹn fi ìṣẹ́jú méjì wò ó bẹ́ẹ̀ ni. Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó kọ sísàlẹ̀ níbí: "prince".

ÌYÁ BỌ́LÁ: Kí ló ṣe "prince"?

KÁYỌ̀DÉ: Ó ní tí lẹ́tà bá ti ní "prince" nínú, kí wọ́n kó o sí spam. Èyí nìkan ni kò ní kí wọ́n pa rẹ́.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Olúwa ò! Oníbàárà mi ará Ìjẹ̀bú-Òde! Ọmọ ọba ni ọkùnrin yẹn lóòótọ́, ìdílé ọba ni wọ́n bí i sí, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọdọọdún ló máa ń ra aṣọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ mi fún Ojúde Ọba. Ọdún yìí, n kò gbúròó rẹ̀, mo rò pé wọ́n ti bà mí jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Ṣí ibẹ̀, Àkànní, ṣí i kíákíá!