Àrokò Nínú Kọ̀ǹpútà

Irú géèmù tí mo ń ṣe kò ní ìbọn nínú. Kò sí eré ìje níbẹ̀, kò sì sí aago tó ń ka ìṣẹ́jú mọ́ ẹnikẹ́ni lórí. Àwòrán kan ni yóò hàn lójú kọ̀ǹpútà: àgbàlá, ọjà, tàbí ojúde ọba. Ènìyàn kan á dúró sínú àwòrán náà, ibi tí o bá sì tẹ máòsì sí ni yóò rìn lọ. Tẹ ìkòkò, yóò sọ ohun tó rí nínú rẹ̀ fún ọ. Tẹ ìyá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ọ̀rọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá wúlò, á mú un sápò, á máa wá ibi tí yóò ti lò ó. Bí o bá dìde lọ jẹun, bí wọ́n ṣe wà lo máa bá gbogbo wọn. Point-and-click adventure ni wọ́n ń pè é lókè òkun.

Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo ti ń ṣe é, lálẹ́ tí iná bá wà, tàbí tí bátìrì láptọ́ọ̀pù bá ṣì lágbára. N kò tà á. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun yàtọ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí mo ń fi ọwọ́ ara mi ṣe, òun ló ń gba ìrònú mi jù, ó sì ti mú mi dé orí èrò kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá ń gbèrò àtiṣe géèmù gbọ́. Bí àdììtú inú géèmù kò bá hù láti inú ohun tí ará ìlú mọ̀, a kò tíì ṣe géèmù tiwa, bó ti wù kí a wọ aṣọ òfì fún àwọn ènìyàn inú rẹ̀ tó.

Irú géèmù yìí ti pẹ́ díẹ̀. Ní 1980, Roberta Williams àti Ken ọkọ rẹ̀ gbé Mystery House jáde ní Amẹ́ríkà. Ìlà funfun lásán ni àwòrán rẹ̀, ọ̀rọ̀ ni èèyàn sì ń tẹ̀ kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ní 1987, Ron Gilbert àti Gary Winnick ṣe Maniac Mansion, níbi tí àwọn ọ̀rọ̀ ti wà lójú kọ̀ǹpútà fúnra wọn, tí èèyàn kàn ń yan èyí tó bá fẹ́. The Secret of Monkey Island tẹ̀lé e ní 1990. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi ń lọ sópin, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń pa irú géèmù bẹ́ẹ̀ tì, àwọn tó ń ṣe é nítorí ìfẹ́ ló gbà á tọ́. Chris Jones, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ètò kan ní 1997 tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe é láìsan kọ́bọ̀. Adventure Game Studio ni wọ́n ń pè é lónìí. Òun ni mo ń lò. Kò wúwo, láptọ́ọ̀pù àlòkù gbé e dáadáa, kò sì ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi nígbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́.

Ètò yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe géèmù tó là mí lójú. Dave Gilbert, tó ń gbé ní New York, ṣe The Shivah ní 2006 fún ìdíje oṣooṣù kan tí àwọn tó ń lo ètò náà máa ń ṣe láàárín ara wọn. Rábì kan, olùkọ́ ẹ̀sìn àwọn Júù, ni ìtàn náà dá lé lórí. Ìjọ rẹ̀ ń túká, owó sì ti tán. Bí ẹnìkan bá bi rábì yìí ní ọ̀rọ̀, o lè jẹ́ kó fi ìbéèrè mìíràn dáhùn, bí a ti mọ àwọn rábì mọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì di ìjà, ìbéèrè tí ó fi ń dá ìbéèrè lóhùn yìí wà lára ohun ìjà rẹ̀. Mi ò kì í ṣe Júù, mi ò dé New York rí, ṣùgbọ́n mo gbá géèmù náà tán, mo sì mọ bí àwọn ènìyàn kan ṣe ń ronú, ohun tí ìwé tí mo kà nípa wọn kò ṣe fún mi. Gilbert kò wàásù. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbà sọ̀rọ̀ ló fi ṣe kọ́kọ́rọ́ géèmù náà. Mo wá ń bi ara mi pé kí ni kọ́kọ́rọ́ tiwa.

Èyí tí kò dára náà kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Nínú Gabriel Knight 3, tí Sierra gbé jáde ní 1999, akọni ìtàn fẹ́ fi orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ yá alùpùpù. Wàá lẹ téèpù mọ́ ihò tí ológbò kan ń gbà kọjá kí irun rẹ̀ lè mọ́ ọn. Wàá fi omi dídùn lẹ irun náà mọ́ ètè akọni kó di irunmú. Lẹ́yìn náà wàá fi bírò kun irunmú sórí fọ́tò tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù ọ̀rẹ́ náà, torí ọ̀rẹ́ ọ̀hún kò ní irunmú rárá! Kò sí ìlú kan láyé tí wọ́n ti ń ronú báyẹn. Ẹni tó ṣe é nìkan ló mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, àwa tó kù ń méfò. Àlọ́ àpamọ̀ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbà tó ń pa àlọ́ fún ọmọ kì í fi ohun tí ọmọ náà kò rí rí pa á. Ata ni, ìgbín ni, ojú ọ̀nà oko ni. Bí ọmọ náà kò bá mọ̀ ọ́n, tí wọ́n wá sọ fún un, inú á bí i pé òun ì bá ti mọ̀ ọ́n. Irú ìbínú dídùn yẹn ni mo ń wá.

Orí àrokò ni mo wá gbé géèmù mi lé. Kí ìwé tó dé, nǹkan ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ẹni tó bá gbà á á sì ka ọ̀rọ̀ náà lára nǹkan ọ̀hún. C. A. Gollmer, míṣọ́nnárì tó ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, kọ nípa rẹ̀ ní 1885. Ó sọ ti ọkùnrin kan tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Dahomey, tó fi òkúta, èédú, ata, àgbàdo àti àkísà ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ nílé. Ara mi le bí òkúta, ọ̀la mi ṣókùnkùn bí èédú, ọkàn mi ń ta mí bí ata, mo ti gbẹ bí àgbàdo, aṣọ ọrùn mi ti di àkísà. Ohun márùn-ún péré ló fi sọ ọ́! Owó ẹyọ ló wá wọ́pọ̀ jù. Ẹyọ 2 tó dojú kọra, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà dé. Ẹyọ 6 láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin sí ọ̀dọ́mọbìnrin, ẹ̀fà ni, ọkàn òun fà sí i. Bí ó bá fi 8 dá a padà, ẹ̀jọ ni, èrò àwọn méjèèjì ti jọ.

Ẹ wo bó ti bá géèmù mu. Ohun tí ẹni tó ń gbá irú géèmù yìí ń ṣe látòwúrọ̀ dalẹ́ ni pé ó ń ṣa nǹkan, ó ń so ó pọ̀, ó ń gbé e fún ẹlòmíràn, ó ń retí ohun tí onítọ̀hún máa wí. Àwọn baba wa ti ń ṣe é ná.

Nínú ìtàn tèmi, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ rí okùn owó ẹyọ nínú àpótí tí ìyá ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ta ló fi ránṣẹ́ sí màmá yẹn? Kí ló ń wí? N kò dárúkọ ìlú náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ agbègbè wa á rí ọ̀nà tó lọ sí Òmùò, á rí oko iṣu, á gbọ́ awakọ̀ tó ń pe Ìfàkì. Àwọn àgbà inú rẹ̀ ń fọ Èkìtì. Ulé ni wọ́n ń pe ilé. Níbi tí géèmù òkè òkun ti máa ń kọ “Bá a sọ̀rọ̀” sí, “Kí i” ni mo kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, torí kò sí ọmọ tó máa bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀ níhìn-ín láìkí i. Ìkíni náà sì níṣẹ́. Ọdẹ, àrẹ̀pa o. Aláró, àrẹ̀dú o. Onídìrí, ojú gbooro o. Ẹni tó bá kí aláró bí ẹni ń kí ọdẹ, aláró á dá a lóhùn o, ṣùgbọ́n kò ní fi okùn ẹyọ tirẹ̀ hàn án. Bàbá tó mọ ìtàn àpótí náà ńkọ́? Obì ló ń retí. Gbànja àti àbàtà wà lórí àtẹ lọ́jà, gbànja sì ṣe é jẹ dáadáa, ṣùgbọ́n awẹ́ 2 péré ló ní, kò ṣe é fi súre síwájú àgbà kí a sì dà á wò. Àbàtà ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, ni mo kọ́kọ́ gbé e síwájú rẹ̀. Kò di máòsì mú rí. Mo ń bá a tẹ̀ ẹ́, òun ń pàṣẹ. A dé ọjà, mo na ọwọ́ sí gbànja kí n lè mọ ohun tó máa wí. “Ìwọ ọmọ yìí, ta lo fẹ́ gbé ìyẹn fún?” Kò ronú rárá kó tó sọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan náà gbá a, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ọgbà yunifásítì FUOYE tó wà ní Ìkọ̀lé wa níhìn-ín. Ó mọ géèmù jù mí lọ, ó sì ń tẹ gbogbo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ aláró, ó dúró. Ó mú fóònù, ó pe ìyá bàbá rẹ̀, ó ní “Màmá, báwo lẹ ṣe ń kí aláró?” Wọ́n wà lórí fóònù náà pẹ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí géèmù. Ká ní n kò rí ohun mìíràn jẹ lórí iṣẹ́ yìí, ìpè yẹn tó mi.

Àmì ohùn gba àkókò mi. Títí ẹ̀yà 3.6 fi jáde ní 2023, ètò tí mo ń lò kò mọ̀ ju lẹ́tà 256 lọ, ẹ, ọ àti ṣ kò sì sí nínú wọn. Mo ṣí fáìlì lẹ́tà, mo yọ àwọn lẹ́tà tí Yorùbá kò ń lò, mo ya tiwa síbẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Unicode ti wà nínú rẹ̀ báyìí, àmọ́ ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní ààyè tiwọn nínú Unicode pàápàá. Ńṣe ni wọ́n ń kọ ẹ tàbí ọ, tí wọ́n á wá gbé àmì lé e, àmì ọ̀hún sì máa ń yẹ̀ nínú lẹ́tà kéékèèké tí géèmù ń lò. Nítorí náà mo ṣì ń ya tèmi. Àwọn kan ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kọ ọ́ láìfi àmì sí i. N kò gbà. Géèmù tí àdììtú rẹ̀ dúró lórí ẹ̀fà, tí a bá wá kọ ọ́ ní “efa”, kí ni ẹni tó ń kà á fẹ́ rí mú níbẹ̀?

Ìtàn Ọ̀yẹ́ máa ń fún mi lókun lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ SMA dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Kevin Carroll sì wà lára wọn. Bándélé, ọmọ Arówóògún, àgbà agbẹ́gilére ará Òsì, ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Lámídì Fákẹ́yẹ, tó wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n ti ibi iṣẹ́ náà pa ní 1954. Ìtàn Bíbélì ni wọ́n gbé fún àwọn ọkùnrin yẹn láti gbẹ́, ìtàn tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Àwọn amòye tó wá kí Jésù ọmọ jòjòló wá jáde láti ọwọ́ wọn bí ọba ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kì í ṣe adé àti agbádá nìkan ló yí padà. Orí tóbi ju bó ti rí lára èèyàn gidi lọ, bí àwọn agbẹ́gilére wa ti ń gbẹ́ ẹ tipẹ́tipẹ́, torí orí ni àgbà lára èèyàn. Èrò ọwọ́ wọn wọ inú igi náà. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ géèmù kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Gúúsù Áfíríkà, Chris Bischoff àti Nic arákùnrin rẹ̀ ti ṣe irú géèmù yìí, STASIS ní 2015 àti Beautiful Desolation ní 2020, ayé sì ra wọ́n. Inú mi dùn sí wọn. Tèmi kéré sí ìyẹn, inú fáìlì kan ló ń gbé, mo sì ń dà á fún ẹni tó bá fẹ́ sórí fóònù tàbí fláàṣì rẹ̀.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù ni ìdáhùn. Bí ohun 10 bá wà lápò, tí ènìyàn 12 sì wà nínú ìtàn, ẹnikẹ́ni lè gbé ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni: ìdáhùn 120 nìyẹn, kí á tó ka ọ̀rọ̀ gidi. Àwọn kan ń kọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀, pé kò ṣiṣẹ́. Èmi ń gbìyànjú láti dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí bí o bá gbé ọkọ́ fún onídìrí, onídìrí tó gbọ́n máa ní nǹkan kan láti sọ.

Ibi tí mo dé báyìí ni ìparí ìtàn, níbi tí ọmọbìnrin náà ti ní láti so àrokò tirẹ̀. Mo ti kọ ohun tí 2 ń wí, ti 6, ti 8, bí wọ́n bá dojú kọra àti bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra. Ẹyọ 6 tó kẹ̀yìn síra ní méjìméjì, mo ti fẹ́ kọ ọ́ pé kò nítumọ̀. Yèyé so ó lójú mi, ó wò ó. “Ó fẹ́ràn rẹ̀, inú ló ń bí i.” Mo bi í pé kí ni ọkùnrin tí a fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí yẹ kó ṣe. Ó ní kó má fi ẹyọ kankan dá a padà, kó dìde kó máa bọ̀ fúnra rẹ̀. Mo ti ya ojú ọ̀nà tí yóò gbà wá, ó ku bí yóò ṣe kí i.