Portland, Ìlú Afárá Tí A Ti Rí Ẹ̀rọ̀ Òòyì

Ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Oregon, ìlú kan wà tí à ń pè ní Portland. Odò ńlá kan tí ń jẹ́ Willamette ni ó la ìlú náà sí méjì, bí odò Ògùn ti la Abẹ́òkúta. Afárá pọ̀ lórí odò yìí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pe Portland ní Ìlú Afárá. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ènìyàn yóò rí òkè Hood ní ọ̀ọ́kán, tí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 11,000 lọ, tí yìnyín sì bo orí rẹ̀ funfun báláú. Wọ́n fẹ́ràn òdòdó róòsì púpọ̀. Ọdún 1907 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọdún òdòdó náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí òdòdó ni a ṣe mú ẹ̀yin òǹkàwé wa dé ọ̀hún. Nítorí òòyì ni.

Àìsàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ṣeré ni òòyì, títí yóò fi gbé wọn ṣubú. Ìyá aláṣọ gbé ojú sókè láti fa ìgàn aṣọ lórí pẹpẹ, gbogbo ìsọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Tíṣà nawọ́ sí òkè pátákó ìkọ̀wé, ó di ẹni tí ń di tábìlì mú. Ẹlòmíràn kàn yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ibùsùn ni, ó ní òrùlé ń já bọ̀. Ẹnì kan á ní ibà ni, ẹnì kejì á ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ẹnì kẹta á ní ayé ló ń ṣe é. Owó yóò máa lọ, òòyì kò ní lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni etí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń wà. Nínú etí lọ́hùn-ún, níbi tí ìka kò lè dé, ọ̀pá tín-ín-rín mẹ́ta wà tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun, tí omi sì wà nínú wọn. Bí a bá yí orí, omi yìí á mì, ọpọlọ á sì mọ̀ ibi tí orí yí sí. Nítòsí wọn ni àwọn òkúta kan wà tí wọ́n kéré ju iyanrìn lọ, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àyè wọn. Ọjọ́ ogbó, tàbí bí a bá forí gbá nǹkan, lè mú kí díẹ̀ já nínú wọn kí ó bọ́ sínú ọ̀pá olómi. Láti ìgbà náà, bí onítọ̀hún bá yí orí, òkúta á yí, omi á dàrú, etí á máa purọ́ fún ọpọlọ pé ara ń yí nígbà tí ara dúró jẹ́ẹ́. Irú òòyì yìí kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan lọ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n á tún padà wá.

Ní Portland ni olóògbé Dókítà John Epley, oníṣègùn etí, ti ń ṣiṣẹ́. Ó rò ó báyìí pé: bí òkúta bá gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, ṣé a kò lè yí orí aláìsàn títí yóò fi gba ibẹ̀ jáde? Kò sí abẹ, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn mímu. Ní 1980 ó gbé ọ̀nà yìí síwájú àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó di ọdún 1992 kí ìwé àwọn oníṣègùn etí tó tẹ iṣẹ́ náà jáde. Lẹ́yìn èyí pàápàá, wọ́n fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ìgbìmọ̀ tí ń fún àwọn dókítà Oregon ní ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ó bọ́ nínú rẹ̀. Lónìí, kárí ayé ni wọ́n ń lo ọ̀nà náà, orúkọ Epley ni wọ́n sì fi ń pè é.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Aláìsàn á jókòó lórí ibùsùn, dókítà á yí orí rẹ̀ sí ìhà etí tí ń dùn ún níyà, á sì dá a dùbúlẹ̀ kíá, kí orí rọ̀ díẹ̀ kọjá etí ibùsùn. Òòyì á dé. Wọ́n á dúró kí ó rọlẹ̀. A ó yí orí sí ìhà kejì, a ó dúró. Aláìsàn á wá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní ìhà náà, kí ojú rẹ̀ máa wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà á dìde jókòó. Ọ̀pọ̀ ni ara wọn yá lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Dókítà ni kí ó kọ́kọ́ ṣe é o, pàápàá fún ẹni tí ọrùn ń dùn.

Ní ìlú yìí kan náà, àwọn tí òòyì ń bá jà ní ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ń la ara wọn lọ́yẹ̀, nítorí ohun tí ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe. Ilé ìwòsàn yunifásítì ibẹ̀ wà lórí òkè. Láti 2007, ọkọ̀ kan tí ń rìn lórí okùn irin lójú òfurufú ń gbé èrò lọ síbẹ̀ láti etí odò. Ẹni tí òòyì ń kọ́ kò jẹ́ bojú wolẹ̀ nínú rẹ̀!

Ǹjẹ́ dandan ni kí a dé Portland? Rárá o. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun wà ní UCH Ìbàdàn, ó wà ní LUTH Ìdí-Àràbà, ó wà ní ilé ìwòsàn yunifásítì Ilé-Ifẹ̀. Bí ẹ bá lọ, ẹ sọ bí òòyì ti ń pẹ́ tó, ohun tí ń gbé e dìde, bóyá etí ń hó tàbí kò gbọ́ràn mọ́, àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò. Abẹ́rẹ́ bíi gentamicin àti streptomycin lè ba inú etí jẹ́. Àìtó ẹ̀jẹ̀ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà lè fa òòyì.

Ṣùgbọ́n bí òòyì bá dé pẹ̀lú ahọ́n tí ń wúwo, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tí kò ṣe é gbé, ojú tí ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tàbí orí fífọ́ líle òjijì, ẹ má ṣe dúró de ọ̀la. Ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín jù lọ ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.