Kí Ní Í Gbẹ̀yìn Adùn?

Àwọn àgbà ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ní í gbẹ̀yìn adùn fúnra rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ìbéèrè yìí wò, ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí láyé tí a wà yìí, adùn ti pọ̀ ju ewúro lọ lẹ́nu wa.

Ẹni tó mọ Ìbàdàn ò ní jiyàn pé ìlú olókè ni. Ẹ wo Mápó. Ọdún 1925 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn ńlá orí òkè náà lélẹ̀, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1929. Òyìnbó ẹnjiníà kan, Robert Jones, ló bójú tó kíkọ́ rẹ̀. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ìlú láti lọ sọ níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa fi gun òkè, àfi bó bá jẹ́ ọlọ́lá tó ní ẹṣin tàbí mọ́tò.

Kì í kúkú ṣe pé àwọn ará ìgbà náà ò jẹ nǹkan dídùn. Wọ́n jẹ ìrèké, wọ́n jẹ àádùn, wọ́n lá oyin. Àwa náà bá bàbá dúdú àti gúúdìgúúdì láyé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ra bàbá dúdú ní Ọjà'ba, kó tó fẹsẹ̀ rìn dé Bẹẹrẹ, òkè Mápó á ti gba tirẹ̀ nínú adùn náà. Bó bá tún di ìrọ̀lẹ́, bojúbojú ńkọ́? Ìjàkadì ńkọ́? Bọ́ọ̀lù alákìísà ńkọ́? Ìyá á pe ọmọ títí, ohùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ há, kó tó wọlé.

Lónìí, ọ̀kadà ti gba òkè lọ́wọ́ wa. Ibi tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, Máíkírà la ó wọ̀. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti òde ìnáwó. Ẹ ó rí i tí mọ́tò á gbé wa gun òkè, á já wa sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. A ó jókòó. Míńrà á dé, mọ́ọ̀tì á tẹ̀ lé e, kéèkì àti pọ́fúpọ́ọ̀fù á wọlé. Ibi tí baba wa fi òógùn gùn dé, mọ́tò la fi ń débẹ̀ lọ mu ṣúgà!

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí bí oníṣòwò. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún ara. Bó bá lè dín sí ìdajì ìyẹn, ó tún dáa sí i. Fún àgbàlagbà, ìdajì náà jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 25, ìyẹn ṣíbí ìpotíì bíi 6. Ẹ wá ka ara ìgò míńrà yín. Bó bá jẹ́ gíráàmù 10 ló wà nínú mìlílítà 100, ìgò 35cl kan ti gbé gíráàmù 35 fún yín. A ò tíì jẹ kéèkì o!

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà nílé wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ọjà'ba, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ lóru, òùngbẹ ò sì jẹ́ kó gbádùn. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, àtọ̀gbẹ ni. Ẹ̀rù bà wá, torí ọ̀rẹ́ wọn kan lọ́jà ti pàdánù ẹsẹ̀ ọ̀tún sí àìsàn yìí kan náà. Dókítà fún wọn lóògùn, ó ní kí wọ́n dín nǹkan dídùn kù, kí wọ́n sì máa ṣe eré ìdárayá.

Màmá wò ó. "Dókítà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé kí n wá máa sáré kiri Ọjà'ba pẹ̀lú gèlè lórí?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Rárá, Mà. Ẹ ṣáà máa rìn."

Bí ìrìn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá jẹun ọ̀sán tán, tí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn àti ìyá aláta méjì á fi ọmọ ìṣọ́ sílẹ̀, wọ́n á gun òkè Mápó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Míńrà di ti ọjọ́ ọdún. Oògùn ò sì yẹ̀. Nígbà tó yá, iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Kì í ṣe idán. Bí a bá ń rìn, iṣan ẹsẹ̀ máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lò bí ẹ̀rọ ṣe ń lo epo. Ìdí nìyẹn tí ìrìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ fi wúlò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, kí ọmọdé máa ṣe 60 lójúmọ́. Pín 150 sọ́nà márùn-ún, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni lójúmọ́. Ijó wà níbẹ̀, gbígba bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Ẹni tó bá jó kára lóde ìnáwó ti san díẹ̀ nínú gbèsè kéèkì.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìrìn ṣe àwáwí o. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ṣúgà tí a mu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, òkè méje ò lè gbà á tán. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn gígùn, kó wọ bàtà tí kò ní gé e lẹ́sẹ̀, torí àwọn oògùn kan pẹ̀lú ìrìn lè mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi gbogbo adùn du ọmọ. Ọmọdé ò lè ṣe kó má lá nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jáde ṣeré, kó sá, kó ṣubú, kó dìde. Àwa àgbà náà, ẹ jẹ́ ká sọ̀ nínú Máíkírà nísàlẹ̀ òkè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mápó ò gbowó ìwọlé lọ́wọ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ gùn ún. Àìsàn ló ń gbowó.