Wákàtí Tó Tọ́ Sọ́mọdé

Iṣẹ́ ètò ni mo ṣe ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Houston, láti ìgbà tí mò ń gba téèpù wọlé títí mo fi di ẹni tó ń to ohun tí ará ìlú yóò wò láàárọ̀ Sátidé. Nínú gbogbo ohun tó gba ọwọ́ mi kọjá, ètò àwọn ọmọdé ni mo fọkàn sí jù. Òun ni òfin Amẹ́ríkà ya wákàtí sọ́tọ̀ fún. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ìjà ni wọ́n fi gbà á.

Afẹ́fẹ́ tí à ń gbé àwòrán gbà kì í ṣe ti oníléeṣẹ́, ti gbogbo ará ìlú ni. Ìwé àṣẹ ni ìjọba fi ń yá wa lò, nípasẹ̀ FCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ẹni tó bá sì gbà á gbọ́dọ̀ fi ṣe ará ìlú láǹfààní. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1961, Newton Minow, tí Ààrẹ Kennedy ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe alága FCC, dúró níwájú àpéjọ àwọn oníléeṣẹ́, ó ní kí wọ́n jókòó ti tẹlifíṣọ̀n wọn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, pé aginjù lásán ni wọn yóò rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n, ṣùgbọ́n kò yí wọn padà.

Ìyá ọlọ́mọ kan ní Newton, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ló wá gbé ọ̀rọ̀ náà lérí. Peggy Charren lorúkọ rẹ̀. Ní 1968, òun àti àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó nínú pálọ̀ rẹ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ Action for Children's Television sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún obìnrin yìí gidigidi, nítorí pé kò fìgbà kan sọ pé kí ìjọba fòfin de ètò ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń bèèrè ni pé kí ti ọmọdé náà wà níbẹ̀. Lọ́dún kejì, Sesame Street dé, ó sì fi han gbogbo ayé pé ọmọ lè kọ́ ìwé kí ó sì máa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tí kì í ṣòwò ló ń gbé e jáde, àwọn oníṣòwò bá rí àwáwí. Nígbà tí FCC kọ̀wé jáde ní 1974 pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ máa ṣe ti ọmọdé, kò dárúkọ iye wákàtí kankan.

Mark Fowler di alága ní 1981. Lójú tirẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ò ju ohun èlò ilé lọ, kò yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì, àfi pé òun ní àwòrán. Ní 1984, FCC yọ òté tó wà lórí ìpolówó ọjà. Kàtúùnù He-Man ti ṣáájú ní 1983: ilé iṣẹ́ Mattel ti ń ta bèbí rẹ̀ lọ́jà kí ètò náà tó dé orí afẹ́fẹ́, débi pé ètò ọ̀hún gan-an ti di ìpolówó ọjà. Ní Ìbàdàn tí mo ti dàgbà, ọ̀tọ̀ ni: ìjọba ló ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, àlọ́ Tales by Moonlight ni a sì máa ń dúró dè níwájú NTA. Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, ó pẹ́ kí n tó lóye pé níbi tí ọjà bá ti ni gbogbo wákàtí, òfin nìkan ló lè gba díẹ̀ fún ọmọ.

Òfin ọ̀hún kò tètè dé. Ààrẹ Reagan kọ̀ ọ́ ní 1988. Ní 1990 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tún gbé e dìde. Ààrẹ Bush ò fọwọ́ sí i, kò sì dá a padà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di òfin. Ó dín ìpolówó ọjà nínú ètò àwọn ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀ kù sí ìṣẹ́jú 10 ààbọ̀ nínú wákàtí kan lópin ọ̀sẹ̀, àti ìṣẹ́jú 12 láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ní kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi hàn pé òun ń kọ́ ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé wákàtí mélòó. Charren tú ẹgbẹ́ rẹ̀ ká ní 1992. Ọdún yẹn náà ni àjọ Center for Media Education yẹ ìwé tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń tún àṣẹ wọn gbà wò. Wọ́n bá The Jetsons níbẹ̀, kàtúùnù ìdílé tó ń gbé lójú sánmà. Ilé iṣẹ́ kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń kọ́ ọmọ nípa bí ayé yóò ṣe rí ní sẹ́ńtúrì 21.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni mo wọ iṣẹ́, nítorí náà mo mọ bí inú ilé iṣẹ́ ṣe rí nígbà tí kò sí iye. Bí àwọn tó ń ta àkókò ìpolówó bá fẹ́ ààyè ọmọdé, wọ́n á gbà á. Kí lo fẹ́ fi bá wọn jà? Ní oṣù Kẹjọ 1996, lábẹ́ Reed Hundt, FCC dárúkọ iye: wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ètò náà kò gbọdọ̀ dín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó gbọdọ̀ máa wáyé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láàárín aago méje àárọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́, kíkọ́ àwọn ọmọ ọdún 16 sísàlẹ̀ sì gbọdọ̀ jẹ́ kókó ohun tó wà fún. Àmì E/I tí ẹ máa ń rí ní igun tẹlifíṣọ̀n, ibẹ̀ ló ti wá. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gbọdọ̀ yan ẹnì kan tí òbí lè pè. Mo ti jẹ́ ẹni yẹn. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ní kí bọ́ọ̀lù yunifásítì gba àárọ̀ Sátidé, mo lè bi ọ̀gá léèrè ọjọ́ tí a óò san wákàtí náà padà, ọ̀gá á sì dáhùn. Ọ̀gá tí kò ní ráyè ka ìwé òfin mọ ohun tí mẹ́ta jẹ́.

Ọdún 2007 ni gbogbo wa rí i pé FCC ò ṣeré. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Univision ti ń ka fíìmù alátìgbàdégbà kan nípa àwọn ìbejì tó pààrọ̀ ipò mọ́ ètò ẹ̀kọ́ ọmọdé. FCC mú kí wọ́n san mílíọ̀nù 24 dọ́là.

Àmọ́ ihò kan wà nínú òfin náà, òun ló sì dùn mí jù. Òté ìpolówó ọjà kò kan ètò tí wọ́n bá ṣe fún àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16, bẹ́ẹ̀ ètò ọ̀hún ṣì ka nínú wákàtí mẹ́ta. Ta ni oníṣòwò yóò wá ṣe tirẹ̀ fún? Láti 2011 tí ìkànnì ABC ti gba ètò ilé iṣẹ́ Litton, àwọn yòókù tẹ̀ lé e níkọ̀ọ̀kan: ẹranko igbó, òkun, ìrìn àjò. Nígbà tí The CW dáwọ́ ìlà kàtúùnù Vortexx rẹ̀ dúró ní 2014, kàtúùnù àárọ̀ Sátidé parí lórí àwọn ìkànnì ńlá. Àwọn ètò tuntun náà dára, mo gbé púpọ̀ nínú wọn sáfẹ́fẹ́ tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún kò ní nǹkan kan tó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn.

Ní oṣù Keje 2019, FCC tú òfin náà lójú. Wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ di wákàtí 156 lọ́dún. Aago mẹ́fà àárọ̀ ti wọ inú àkókò tó ka. Wákàtí 52 lọ́dún lè jẹ́ ètò tí kì í ṣe tọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, tàbí ètò kéékèèké tí kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìwé ètò ọmọdé tí a ń kọ sí FCC lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún di ẹ̀ẹ̀kan. Ìdí tí wọ́n fún wa ni pé àwọn ọmọ ti kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì àti kébù, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Àmọ́ kébù àti íntánẹ́ẹ̀tì ń gbowó. Eriali tí ẹ so mọ́ fèrèsé kì í gbowó, ilé tí kò lówó ló sì nílò rẹ̀ jù. Mo gbà pé wọn ì bá ti jẹ́ kí iye náà dúró bó ṣe wà, kí wọ́n sì dí ihò tó lé àwọn ọmọ kéékèèké jáde.

Mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní Houston, ní Maryland, ní Chicago àti níbi gbogbo. Ní gbogbo ọdún, kí oṣù Kínní tó parí, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń ṣòwò gbọdọ̀ fi ìwé ètò ọmọdé rẹ̀ ránṣẹ́ sí FCC, gbogbo ènìyàn ló sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kà á. Ẹ wo ọjọ́ orí àwọn ọmọ tí wọ́n kọ síwájú ètò kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí ti ọmọ yín níbẹ̀, ẹ pè wá kí ẹ sọ fún wa, nítorí àwọn tó ń polówó ọjà ò yéé pè.