Ọjọ́ Kan Létí Òkun Àgbádárìgì

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbé Àgọ́ṣáṣá, Ìpókíá àti agbègbè wọn, òkun kò jìnnà sí yín tó bí ẹ ti rò. Ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù lè dé Àgbádárìgì, kí ó lo ọjọ́ náà pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ, kí ó sì padà sùn sílé lálẹ́. Lójú tèmi, èyí sàn fún ọmọ ju ayẹyẹ ọjọ́ ìbí tí a torí rẹ̀ jẹ gbèsè.

Ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń gba orí ọ̀sà kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fú. Bí ẹ bá ń dúró de ọkọ̀, ẹ lè lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ parí ní 1845. Ẹ má ṣe gbé ọmọ sínú ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀wù amúniléfòó tí ó bá a mu. Láti èbúté Gbẹ̀rẹ̀fú, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn lórí yanrìn dé etí òkun, ọ̀nà tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà láyé àtijọ́. Kànga kan wà níbẹ̀ tí ìtàn sọ pé wọ́n ń fún wọn mu nínú omi rẹ̀ kí wọn lè gbàgbé ilé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè gbọ́ ìtàn yìí. Ẹ jẹ́ kí ó béèrè ìbéèrè rẹ̀ tán.

Òkun kì í ṣe ọ̀sà, kì í sì í ṣe odò. Ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ lódò ilé kò tíì mọ òkun. Omi tí ìgbì bá dà sórí yanrìn gbọ́dọ̀ padà, ó sì lè gba ojú kan jáde pẹ̀lú agbára tí ń wọ́ àgbàlagbà lọ. Ibi tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín ìgbì méjì, tí ojú ń rò pé ó rọrùn jù, ni irú omi bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà. Ẹni tí ó bá gbé kò gbọdọ̀ bá a jà: kí ó léfòó, kí ó nawọ́ sókè, kí ó sì máa lúwẹ̀ẹ́ lọ ní ìbú, ní ìbámu pẹ̀lú etí òkun, títí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tí kò mọ̀wẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ́ sómi tẹ̀lé ọmọ. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pa, tí a so okùn mọ́, ni kí ó jù sí i. Ẹ mú un ti ilé lọ. Kí àwọn ọmọ má ṣe wọ inú omi kọjá orúnkún, kí àgbàlagbà kan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa wò wọ́n lọ. Bàbá tí ìgò ọtí bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ ni ẹni náà.

Ẹ béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó sanwó àtíbàbà. Ní ti oúnjẹ, ẹ̀kọ, ẹja díndín àti gaàrí kì í dójú tini. Bí ẹ bá sì gbé ìrẹsì, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ, nítorí oòrùn ń tètè bà á jẹ́. Omi mímu kò gbọdọ̀ wọ́n, nítorí àgbọn tútù nìkan kò tó ọmọ tí ń sáré lórí yanrìn gbígbóná. Ẹ fi omi tútù ṣan iyọ̀ òkun kúrò lára ìkókó kí ara má baà yún un.

Bí agogo mẹ́rin bá ti lù, ẹ kó ẹrù yín. Ọ̀sà ṣì wà níwájú tí ẹ ó tún là kọjá, kò sì yẹ kí ilẹ̀ ṣú bá ọmọ lórí omi.