Nítorí ọ́ìlì mọ́tò, Bàbá Ìbejì àti mẹkáníìkì ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀tá

Bí ẹ bá rí Bàbá Ìbejì láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, níbi tó nà gbalaja sí lábẹ́ mọ́tò ẹ̀ nínú ọgbà ilé wọn ní Sùúrùlérè, ẹ máa rò pé wọ́n ti lé e kúrò níbi iṣẹ́ ni. Ọkùnrin tó ń wọ kóòtù lọ sí báńkì ní Marina láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì ló wọ ṣòkòtò penpe tó ti gbó, tó mú sípánà lọ́wọ́, tí ọ́ìlì dúdú ń kán sí lójú. Ìyàwó ẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lẹ́yìn, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé gbogbo mẹkáníìkì Èkó ló ti kú tán ni?" Ọkùnrin náà ò dá a lóhùn. Ìbínú ló gbé e dé abẹ́ mọ́tò, ẹni tínú ń bí ò sì lẹ́nu àlàyé.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní 2022, nígbà tó ra Subaru Impreza WRX tòkunbọ̀ kan, aláwọ̀ búlúù, mọ́tò 2004. Àtìgbà tó ti wà ní Pólì ló ti ń lá àlá ọkọ̀ yìí. Impreza ni Colin McRae, ọmọ ilẹ̀ Scotland, fi gba ife-ẹ̀yẹ rally àgbáyé ní 1995, Bàbá Ìbejì sì mọ ìtàn náà látòkè délẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ọkọ̀ náà yàtọ̀ sí ti aládùúgbò ni tọ́bò tó wà nínú ẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ara wa, báyìí ni tọ́bò ṣe ń ṣiṣẹ́. Èéfín gbígbóná tí ì bá gba sàlẹ́ńsà jáde lásán ni wọ́n máa ń dárí sí fáànù kékeré kan kó máa yí i. Fáànù yìí àti èkejì ẹ̀ jọ wà lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, èkejì yẹn ló ń ki afẹ́fẹ́ bọ ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀, ẹ́ńjìnnì á lè jó bẹntiróòlù púpọ̀ sí i, ni mọ́tò á bá fò bí ẹyẹ. Bí wọ́n bá tẹ ẹ́ńjìnnì gan-an, ó lè yí ìgbà 6,000 tàbí 7,000 ní ìṣẹ́jú kan. Irin tọ́bò lè yí ju 100,000 lọ. Kí ló wà láàárín irin yẹn àti ibi tó ti ń yí? Ọ́ìlì ni, kò sí nǹkan mìíràn. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ọ́ìlì yìí kan náà ló tún ń gbé ooru kúrò níbẹ̀. Bó bá dọ̀tí, bó bá jẹ́ ayédèrú, bó bá sì dín, tọ́bò ló máa kọ́kọ́ lọ.

Ní May 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, náírà náà tún já wálẹ̀, ló bá di pé ojúlówó ọ́ìlì di nǹkan tí èèyàn ń wò lókèèrè. Kò sẹ́ni tọ́wọ́ yẹn ò bà. Nígbà tó di November 2024, Bàbá Ìbejì ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lórí Eko Bridge, ló bá gbọ́ tí mọ́tò ń hu bí fèrè. Kò pẹ́ ni èéfín búlúù bo gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀, tí àwọn onídáńfó ń pariwo pé, "Ọ̀gá, mọ́tò yín ń jóná o!" Tọ́bò ti kú. Òmíràn tó rà ní Ládipọ̀ gba owó iléèwé àwọn ìbejì lọ́wọ́ ẹ̀, ni Ìyá Ìbejì bá lọ yá owó ní àjọ kó tó di pé wọ́n lé àwọn ọmọ wálé.

Lọ́jọ́ náà gan-an ló gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ẹ̀ lọ. Ọdún méjìlá ni baba yìí ti ń bá a tún mọ́tò ṣe, òun ló bá a tún èyí tó fi gbé ìyàwó ẹ̀ lọ bímọ ṣe láàárín òru. Síbẹ̀, lójú àwọn ọmọṣẹ́ baba náà, Bàbá Ìbejì pè é ní olè, ó ní ọ́ìlì inú kẹ́ẹ̀gì tí kò lórúkọ ló rọ sí mọ́tò òun. Baba náà wò ó, kò fèsì, ó nu ọwọ́ ẹ̀, ó wọlé. Bàbá Ìbejì búra pé ọwọ́ mẹkáníìkì kankan ò tún ní kan ọ́ìlì mọ́tò òun láyé.

Ohun tó gbé e dé abẹ́ mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn. Ká sòótọ́, ó ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀ dáadáa. Ó ra ojúlówó 5W-30 tí ìwé mọ́tò sọ, níbi tí wọ́n ti fún un ní rìsíìtì. Ó ra fíítà tuntun àti wáṣà tuntun fún nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Kò sùn sábẹ́ jáàkì lásán, nítorí jáàkì lè yẹ̀, ó sì ti pa àwọn tó gbọ́n jù ú lọ. Ó gbé mọ́tò lé irin ìdúró mẹ́rin. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ọ́ìlì lè ṣàn, ó fi sípánà 17 tú nọ́ọ̀tì, ọ́ìlì dúdú bíi kọfí já sínú báàfù. Ó fọwọ́ yí fíítà àtijọ́ kúrò, páìpù èéfín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sì jó o lápá. Ó fi ọ́ìlì pa rọ́bà ẹnu fíítà tuntun, ó fọwọ́ dè é. Ó rọ ọ́ìlì tó lé díẹ̀ ní lítà mẹ́rin. Ó rẹ́rìn-ín. Ó pe ìyàwó ẹ̀ kó wá wò ó.

Ó ṣíná sí i.

Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ọ́ìlì tuntun fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lábẹ́ mọ́tò bí omi ẹ̀rọ. Àwọn ìbejì ń ké, "Dádì, ó ń dà! Ó ń dà!" Ó pa á kíá. Ká ní ó ti wà lójú títì ni, ìṣẹ́jú méjì péré ni ẹ́ńjìnnì ì bá fi nọ́ọ̀kì. Ó tún nọ́ọ̀tì dè, kò rí nǹkan kan. Ó jókòó sórí kọnkéré, ó di orí mú. Ìyá Ìbejì ò sọ̀rọ̀. Ó kàn mú fóònù, ó tẹ nọ́ńbà kan, ó sì gbé e sí i létí.

Baba mẹkáníìkì dé lórí ọ̀kadà. Ó wólẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan, ó tú fíítà tuntun, ó fọwọ́ kan ẹnu ẹ́ńjìnnì, ó sì fa rọ́bà pẹlẹbẹ dúdú kan jáde. "Ọ̀gá mi, rọ́bà fíítà àtijọ́ lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Orí ẹ̀ lẹ gbé tuntun lé. Rọ́bà méjì kì í dí ọ́ìlì. Èmi náà ṣe é rí, nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi fi sípánà lù mí."

Bàbá Ìbejì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọ́ìlì yẹn. "Bàbá, ẹ má bínú. Mo pè yín ní olè."

Baba náà gbé e dìde. "Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ kan. Ta ló ní kí n wá ọ́ìlì tí kò wọ́n? Mo ní ká ra èyí tó wà nínú ìwé. Ẹ ní owó ti pọ̀ jù, ẹ ní ẹ máa ṣe é dáadáa lóṣù tó ń bọ̀. Oṣù méje kọjá. Ẹ tún máa ń sáré dé, kẹ́ ẹ pa iná lójú ẹsẹ̀, ọ́ìlì inú tọ́bò á jóná síbẹ̀, á di èédú. Ṣùgbọ́n èmi náà jẹ̀bi. Mo mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì yẹn ò dáa. Ó yẹ kí n kọ̀."

Ẹnu Bàbá Ìbejì wọhò. Òótọ́ ni. Ó ti gbàgbé pátápátá pé òun lòun bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀pọ̀.

Láti ọjọ́ náà, fúnra ẹ̀ ló ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀. Kò dúró kó pé 5,000 kìlómítà mọ́, nítorí nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Èkó, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí táyà ò yí. Á fọwọ́ kan ẹnu ẹ́ńjìnnì bóyá rọ́bà àtijọ́ wà níbẹ̀, á ṣíná láì tẹ̀ ẹ́, á bẹ abẹ́ wò, á pa á, á dúró díẹ̀ kó tó fa géèjì. Bó bá sáré dé, á jẹ́ kí mọ́tò mí fún ìṣẹ́jú kan kó tó pa á. Ọ́ìlì kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù kì í wọ gọ́tà. Baba mẹkáníìkì ló ń kó o fún àwọn oníbúlọ́ọ̀kù.

Bẹ́ẹ̀ ni, baba náà máa ń wá. Kò gba kọ́bọ̀ lórí ọ́ìlì. Á jókòó sórí àga, á máa jẹ ẹ̀wà Ìyá Ìbejì, á máa wo ọ̀gá báńkì tó sùn sábẹ́ mọ́tò, á sì máa bi í léraléra pé, "Ọ̀gá mi, rọ́bà mélòó ló wà níbẹ̀?"