Ewé Tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Bọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni a fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ó lè ran ilé mìíràn lọ́wọ́.

Ilé òrìṣà wa ní London kò tóbi. Nínú yàrá tí a yà sọ́tọ̀ fún Olókun, àpótí gíláàsì kan wà tó kún fún omi iyọ̀, ẹja àti iyùn ààyè. A kì í bọ ọ́. Ìyá wa ló ní kí a ní in, kí àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín lè mọ̀ pé omi tí à ń kì ní ẹ̀mí nínú, ó sì ń fẹ́ ìtọ́jú.

Lábẹ́ àpótí ńlá yìí ni kékeré kan wà tí àwọn olùsìn ẹja ń pè ní rẹfújíọ̀mù. Omi ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, páńpù sì ń dá a padà sókè. Ewé òkun kan tó lọ́ mọ́ra bí òwú tó takókó ni a gbìn síbẹ̀, Chaetomorpha ni orúkọ rẹ̀. Ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ a máa di náítíréètì àti fọ́síféètì nínú omi. Ewé yìí á jẹ wọ́n, á dàgbà. Tí a bá ré díẹ̀ dànù, ìdọ̀tí bá a lọ nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ewé mìíràn yọ, àwọ̀ ewé ni, ó rí bí irun. Ó wé mọ́ ewé rere wa, ó gun àwọn òkúta lókè, ó bo iyùn. Méjì nínú iyùn náà funfun báláú, wọ́n sì kú.

Oṣù yẹn gan-an ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ àbúrò wa obìnrin kan. Òun ló ń fún ẹja lóúnjẹ. Ìyá wà ní Abẹ́òkúta nígbà náà. Àwa àgbà tó kù nílé wí fún ara wa pé ó ti jẹ èèwọ̀, pé Olókun ń bínú. A ní kó má wọ yàrá náà mọ́. Ó sunkún lọ sílé rẹ̀.

Nígbà tí Ìyá dé, ó wo àpótí náà, ó ní: “Omi wo ni ẹ ń bù sí i?” Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Ó ní: “Kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ òrìṣà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín.”

Ní ilẹ̀ yìí, àwọn tó ń pín omi ẹ̀rọ a máa fi fọ́síféètì sínú rẹ̀, kí òjé inú páìpù àtijọ́ má baà yọ́ sínú omi mímu. Ó dára fún ènìyàn, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni fún ewé burúkú. Ìdí nìyẹn tí a fi ra ẹ̀rọ asẹ́mi. Ó yẹ kí mítà rẹ̀ ka 0. Nígbà tí a wò ó, 48 ló kà. Àwa àgbà ló yẹ kí a pààrọ̀ asẹ́ inú rẹ̀, a kò sì ṣe é. Ojoojúmọ́ ni à ń bu omi dípò èyí tó fẹ́ lọ. Omi a máa fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń pọ̀ sí i.

A pààrọ̀ asẹ́. A fi ọwọ́ tu ewé náà, a sì fọ òkúta nínú garawa, níta àpótí, kí ègé rẹ̀ má baà padà sínú omi. A dín oúnjẹ ẹja kù. A ra ìgbín òkun tí ń jẹ irú ewé bẹ́ẹ̀. A ré ewé rere wa tó ti ki jù, kí iná àti omi lè kọjá láàrin rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni ó gbà.

Ẹnì kan ní kí a kó ohun tí a ré lọ fún òkun ní Brighton. Ìyá kọ̀. Ní 1984, a rí Caulerpa taxifolia, ewé òkun tí àwọn olùsìn ẹja ń gbìn, nínú òkun ní Monaco. Láti ibẹ̀ ló ti tàn káàkiri Mẹditaréníà. Inú ike ìdọ̀tí ilé ni a kó tiwa sí.

Lẹ́yìn náà a lọ sílé àbúrò wa, a kúnlẹ̀, a bẹ̀ ẹ́. Ó gbà, kọ́kọ́rọ́ yàrá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n kì í bá wa rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀, a kò sì lè fi ipá gba ìyẹn.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí Olókun fún wa ní ìwà tí a ó fi máa wo ọwọ́ ara wa kí a tó na ìka sí ọmọnìkejì. Àṣẹ.